Irin Tó Yẹ Kó Ṣẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2017, òtútù mú láàárọ̀ ní ìlú Móábù, ní ìpínlẹ̀ Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́, kò sì sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Ọjọ́ náà ni Vernon Tackett gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1978, lọ gun àpáta pupa. Kò ní ẹrù tó fẹ́ gbé, ẹnikẹ́ni kò sì rán an níṣẹ́. Eré ni.

Ìgbéraga ni oúnjẹ Vernon. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ àpáta, ó di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ẹni tó bá pè é wá sílé Ọlọ́run, yóò sọ fún un pé arọ ló ń wá ọ̀pá ìtìlẹ̀. Lorna ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

Síbẹ̀, irin iwájú ọkọ̀ akọni yìí kì í yé ṣẹ́. Oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà ṣẹ́. Ó ra èyí tó nípọn. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ wá ṣẹ́. Ó pààrọ̀ ọ̀pá. Ó ku họ́bù, irin kékeré tó so ọ̀pá mọ́ táyà. Ìyẹn náà, ó ti fi èyí tó le jù lọ sí i.

Orrin Haslam, wẹ́dà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, rí i láàárọ̀ náà, ó ní kí ó yọ họ́bù líle náà. Àwọn àgbà ìdí eré yìí a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi irin kan tó rọ̀ sílẹ̀. Fíúsì ni wọ́n ń pè é. Bí ìnira bá pọ̀jù, òun ni yóò ṣẹ́, kí ohun tó tóbi jù ú lọ má baà bàjẹ́.

"Bàbá Fíúsì," ni Vernon wí lójú gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gun àpáta, "ẹ máa gbé tiyín kiri. Tèmi ò ní ṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orrin kò bínú.

"Vernon, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni mò ń wí. Ọlọ́run fi fíúsì sínú ìwọ náà. Ẹ̀rí ọkàn ni. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ṣẹ́, ńṣe lo máa ń ki irin bọ̀ ọ́."

"Ìwàásù ti parí. Ẹ ṣe àmín, ká máa lọ."

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà létí ọ̀gbun, táyà iwájú há sínú pàlàpálá àpáta. Orrin, tó dúró lórí òkúta láti máa júwe ọ̀nà, na ọwọ́ sókè pé kí ó dúró. Lorna, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, náà ní kó dúró. Ọ̀gá kò gbọ́. Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè fi agbára jáde.

Họ́bù kò ṣẹ́. Ọ̀pá kò ṣẹ́. Ìnira náà kọjá lọ sára irin ńlá tó gbé táyà dúró, ìyẹn sì fà ya. Táyà ká sábẹ́ ọkọ̀, páìpù bíréèkì já, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sí ọ̀gbun. Nígbà tó dúró, táyà ẹ̀yìn tó wà lápá ọ̀dọ̀ Lorna ti kọjá etí ọ̀gbun, ó ń fì lórí òfìfo.

Níbo ni irin tí kì í ṣẹ́ wà? Akọni di sítíárì mú ṣinṣin.

"Ohun tó yẹ kó ṣẹ́ kò ṣẹ́, Vernon," ni Lorna wí jẹ́jẹ́. Kò jẹ́ mira, kí ọkọ̀ má baà já sí ọ̀gbun.

Nígbà náà ni Vernon sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí i. "Jésù, èmi ni mo burú. Dá a sí. Èmi ni kí o ṣẹ́."

Orrin fi okùn irin ọkọ̀ tirẹ̀ so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀, ó fa Lorna jáde, lẹ́yìn náà Vernon. Orí àpáta níbẹ̀ ni Vernon kúnlẹ̀ sí, tó sì fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Họ́bù tó rọ̀ ló ń lò báyìí. Ó ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìwọ òǹkàwé, má fi Vernon rẹ́rìn-ín. Irọ́ tó máa ń gún ọ lọ́kàn tẹ́lẹ̀, tí kò gún ọ mọ́, irin wo lo kì bọ̀ ọ́? O pè é ní ọgbọ́n. Òmùgọ̀ gbáà ni. Jẹ́ kí ọkàn rẹ ṣẹ́ lónìí, nígbà tí táyà rẹ ṣì wà lórí àpáta.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí Vernon kúnlẹ̀ ni Lorna ìyàwó rẹ̀ àti Orrin Haslam. Àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ti lọ síwájú. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀.