Windádì, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Aṣọ Ìkélé Ọba

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà jókòó síwájú, kí ìyá ọlọ́mọ gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Ìkòkò wà lórí iná, yóò jinná kí ìtàn tó tán. Orin kan wà lẹ́nu mi, ẹ bá mi gbè é:

Ta ni yóò ká aṣọ fún mi o?
Jésù ti fà á ya.
Ta ni yóò mú mi dé ọ̀dọ̀ Ọba?
Jésù ti fà á ya.

Orin náà dùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìtàn tó bí i korò.

Ní Tésífónì, níbi tí ọba Páṣíà ń gbé, Windádì ló ń ṣọ́ aṣọ ìkélé. Ojú lásán kì í rí ọba wa. Aṣọ méjì ló wà níwájú rẹ̀, àlàfo kékeré sì wà láàrin wọn. Bí o bá ní ẹjọ́, Windádì ni o máa rò ó fún. Òun ni yóò wọlé, òun ni yóò mú èsì jáde. Àwọn ọ̀gágun tí ọ̀tá ń sá fún máa ń wólẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀. Ìyàwó apẹja kan ní òdìkejì odò Tígírísì, onígbàgbọ́, ló fún un lọ́mú. Ọmú kan náà ni òun àti Bàbóyì, ọmọ obìnrin yẹn, jọ mu. Bàbóyì jogún àwọ̀n baba rẹ̀. Windádì wọ ààfin, ó gòkè, ó ń gòkè sí i, títí ó fi ń ṣe bí ẹni tí kò gbóòórùn ẹja rí láyé.

Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ, yóò dé iwájú ọba. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, yóò wọ àlàfo yẹn, yóò dúró níbẹ̀, yóò máa yọ ìdọ̀tí èékánná, lẹ́yìn náà yóò jáde, yóò ní: “Ọba ti gbọ́. Ọba kò dáhùn.” Irọ́ ni. Ọba kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú Íṣòyì, àkọ́bí Bàbóyì, mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ẹja ni ọmọ náà ń tà lọ́jà nígbà tí wọ́n ń kó wọn, kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Wọ́n ní kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn yóò kú. Bàbóyì sáré dé ààfin, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù fún omi odò.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Orúkọ kan péré ni kí ẹ dá fún ọba. Íṣòyì, ọmọ Bàbóyì. Ẹ̀yin náà ti gbé e jó rí.”

Windádì wo àwọn ìjòyè tó dúró nítòsí. Ojú tì í pé apẹja mọ òun. “Baba ẹlẹ́ja,” ló wí, “ṣé ẹ fẹ́ kí ọba gbóòórùn yín ni?”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ó wọ àlàfo, ó dúró díẹ̀, ó jáde. “Ọba ti gbọ́. Ọba kò dáhùn.”

Wọ́n pa Íṣòyì kí oòrùn tó wọ̀. Windádì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọmọ ilẹ̀ wa kì í fi ṣeré. Èèwọ̀ ni kí èémí ènìyàn kan ọba. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ìbòmú funfun bo imú àti ẹnu. Nígbà tó pẹ́ nídìí aṣọ, Windádì wá rò pé èémí tòun yàtọ̀. Nígbà ooru, ó fa ìbòmú wá sí àgbọ̀n, ó tẹ̀ sí etí ọba láti ba ìjòyè kan jẹ́. Èémí rẹ̀ fẹ́ ọba lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọba kò bínú, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó bọ́jú, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Pírúsì, ẹni tí Windádì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló dúró nídìí aṣọ. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ Windádì, wọ́n gba ẹṣin. Àwọn ìyàwó rẹ̀ padà sílé baba wọn. Windádì wá di ẹni tó ń dúró níwájú aṣọ, ó ń bẹ̀bẹ̀. Pírúsì á wọlé, á pẹ́ díẹ̀, á jáde.

“Ọba ti gbọ́. Ọba kò dáhùn.”

Ẹlòmíràn tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ọba gbọ́ lóòótọ́. Windádì nìkan ni kò lè rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ àlàfo yẹn. Ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ Pírúsì dúró sí.

Ibà mú un, ó ṣubú sétí odò, àwọn èèyàn ń yẹra fún un kọjá. Bàbóyì ló gbé e sínú ọkọ̀ ìféfé rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ jù mí sódò ni?” ni Windádì béèrè.

“Ó wá sí mi lọ́kàn,” ni Bàbóyì wí, ó ń tukọ̀ lọ. “Jókòó dáadáa, má da ọkọ̀ mi nù.”

Bàbóyì àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ títí ara fi yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Olúwa kan, bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń pé jọ sílé Bàbóyì, ó sọ fún Windádì nípa Jésù Ọmọ Ọlọ́run, tó ru ẹ̀ṣẹ̀ wa, tó kú lórí igi, tó sì jíǹde. Ó ní lọ́jọ́ tó kú, aṣọ ìkélé ńlá inú ilé Ọlọ́run ní Jerúsálẹ́mù ya sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Windádì gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ aṣọ yé e. “Láti òkè? Ọwọ́ ta ló tó òkè?”

“Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó wà nílẹ̀.”

“Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ńkọ́?”

“Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí tìẹ.”

Windádì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó fẹ́ gbàdúrà. Ó fa àkísà kan, ó fi bo imú àti ẹnu. Bàbóyì fà á kúrò. “Ọba yìí kì í sá fún èémí rẹ. Òun ló mí i sí ọ nínú.”

Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣí, àdúrà kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ó yíjú sí ìyàwó Bàbóyì, tó ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò.

“Ìyá Íṣòyì, mi ò dá orúkọ ọmọ yín fún ọba. Àárín aṣọ ni mo dúró sí. Ọba ò gbọ́.”

Bàbóyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun náà kò mọ̀ títí di wákàtí yẹn.

“Ọba ni mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yẹn,” ni obìnrin náà wí. Ó bu búrẹ́dì, ó gbé e síwájú Windádì. “Jẹun. Mi ò tíì lè dárí jì ọ́ tán. Màá bẹ̀rẹ̀ lónìí, torí Ẹni tó dárí ji èmi náà.”

Windádì dojúbolẹ̀ láìbo ẹnu. “Jésù, èmi ni mo pa á. Gbà mí.” Kò sí ẹni tó wọlé lọ bá a jíṣẹ́. Kò sí ẹni tó jáde wá parọ́ fún un. Àlàáfíà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkàn rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja, búrẹ́dì àti dàbínù lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó fi ebi lọ sílé.

Windádì kò rí ojú ọba Páṣíà mọ́. Títí tó fi kú, ó ń bá ìyá ẹni tó pa tún àwọ̀n ṣe. Àwọn ọjọ́ kan wà tí obìnrin náà kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò bu búrẹ́dì tirẹ̀ fún un.

Ìwọ tó ń gbọ́ ìtàn yìí, orúkọ ta ni ìwọ náà gbé mì? Ta ni ẹkún rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ tí o fi í rẹ́rìn-ín? Má sọ pé Ọlọ́run ti gbọ́, kò dáhùn. O kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Aṣọ ti ya. Fi ẹnu tó dẹ́ṣẹ̀ yẹn gan-an pe Jésù, níbi tí o jókòó sí, lónìí. Íṣòyì kò rí àṣálẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Ta ló fi tìrẹ dá ọ lójú?

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, kí a bù ú fún gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ, ẹ yó, kí ẹ máa kọrin náà lọ sílé: Jésù ti fà á ya.