Orúkọ Tí A Yá Ọmọ Inú Ìwé

Nígbà tí Yẹ́misí pe ọmọ rẹ̀ títí tí kò dáhùn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àfojúdi ni.

"Málọmọ́! Málọmọ́, ṣé etí rẹ di ni?"

Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ gbígbóná tó wà níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wòkè. Àfi bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe ní, "Ìwọ yìí ńkọ́?" kíá ló gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá?"

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kí ló wá dé? Ọ̀rọ̀ náà sú Yẹ́misí pátápátá. Tíṣà ni ní Godomey, àtàárọ̀ ló ti ń pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ṣé kó tún délé kó máa pariwo lé tirẹ̀ ni? Ọmọ náà sì ń rù. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tí oúnjẹ ń gbà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ a máa tutù lọ́sàn-án gangan, nínú ooru Cotonou tí gbogbo wa mọ̀ yìí.

Ohun kan ṣoṣo tí Yẹ́misí fi ń tura ni máńgà, àwọn ìwé aláwòrán ilẹ̀ Japan, àti anímè, fíìmù tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà lórí Wasáàpù, àwọn ọmọ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, láti Cotonou, Pọ́bẹ̀ àti Kétu, títí kan àwọn tó wà ní Paris. Wọ́n jọ ń wò ó, wọ́n jọ ń kà á, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí débi pé àwọn mìíràn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Yẹ́misí, tí wọ́n ń pè ní Tàtá, ìyẹn àǹtí, ló ń tú ọ̀rọ̀ inú ìwé láti Faransé sí Nàgó. Léopold, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì tó wà ní Calavi, ló ń pa Faransé rẹ́ lójú àwòrán, tó ń kọ Nàgó dípò rẹ̀, tó sì ń gbé e jáde fún ẹgbẹ́.

Ìwé tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ jẹ́ ìtàn ọmọdébìnrin kan tó máa ń kú ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tún bí i sílé mìíràn. Orúkọ tó ń jẹ́ ní Japan gùn gbọọrọ, kò ṣeé pè. Yẹ́misí ní irú ọmọ báyìí, ṣebí a mọ orúkọ tí à ń sọ ọ́ nílé wa. Ló bá sọ ọ́ ní Málọmọ́, orúkọ ọmọ tirẹ̀ gan-an! Ẹ̀rín ló fi ṣe. Ọmọ tirẹ̀ náà ti wá, ó ti lọ, ó tún ti wá, kí wọ́n tó fi orúkọ yẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti àwọn, ó sì jókòó. Nígbà tó wá di ọmọ tó ń gbé báàgì lọ sílé ìwé, ta ló tún ń rántí ẹ̀rù?

Orúkọ náà dùn mọ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ń pè é lówùúrọ̀, wọ́n ń pè é lálẹ́, àwọn ará Paris ń fi ohùn ránṣẹ́ pé Málọmọ́ báyìí, Málọmọ́ lọ́hùn-ún. Ìgbà náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan.

Nínú ti Faransé, ojú ìwé tó kẹ́yìn fi ọmọ náà hàn lórí ẹní, ojú rẹ̀ pa dé, obìnrin kan ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ti Nàgó, ojú ọmọ náà là sílẹ̀ gbòò. Ó ń wo ẹni tó ń kàwé.

Ẹgbẹ́ gbaná. "Tàtá Yẹ́misí, ta ló ní kẹ́ ẹ tún ìtàn onítàn kọ?" Yẹ́misí búra pé òun ò mọ àwòrán yà, ọ̀rọ̀ nìkan lòun ń tú. Léopold náà búra pé ojú ọmọ náà pa dé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ó tún ojú ìwé náà gbé jáde. Ojú ọmọ là síbẹ̀. Nígbà tí orí tó tẹ̀lé e máa fi jáde, ọmọ inú ìwé ti dìde jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó ń jẹun. Yẹ́misí wo àwòrán náà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, ó tún wo àwòrán. Ṣùgbọ́n èébú tó ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ kò jẹ́ kó ronú débẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Òjò ń rọ̀, ọmọ Yẹ́misí dùbúlẹ̀ sórí ẹní, apá rẹ̀ ò ju igi ìgbálẹ̀ lọ mọ́. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wá pe Yẹ́misí ní òpùrọ́. Òpùrọ́! Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí rí! Inú bí i, ó gbé fóònù sẹ́nu.

"Léopold, mo bẹ̀ ọ́, ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é. Jẹ́ kí Málọmọ́ kú jàre, kí gbogbo wa sinmi!"

"Ó yá, Tàtá. Ẹ má bínú. Mo máa gé àwòrán ti Faransé gan-an, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá Yẹ́misí pè é láti Pọ́bẹ̀, ó ní ọmọ ńkọ́.

"Màámi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi. Mo máa pè é pè é, kò ní dáhùn. Ó sì ń rù sí i."

Ìyá àgbà bi í pé, "Orúkọ wo lo pè é?"

"Málọmọ́ náà ni."

Ohùn ìyá àgbà wá lọ sílẹ̀. "Yẹ́misí, òun la fi so ó mọ́lẹ̀. Ta lo tún fún lórúkọ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tí mo... Ọmọ inú ìwé kan lásán ni, Màámi. Àwòrán ni."

"Àwọn ènìyàn ń pè é?"

"Tọ̀sán-tòru ni, Màámi."

"Yéè! Ọmọ inú ìwé ló ń jókòó dípò tìrẹ yẹn. Gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ ṣe ọmọ inú ìwé yẹn kí orúkọ náà tó bọ́ lára rẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?"

Yẹ́misí gé ìpè náà. Ó pe Léopold.

"Má gbé e jáde! Pa orúkọ yẹn rẹ́ níbẹ̀!"

"Háà, Tàtá, ó ti jáde tipẹ́." Inú Léopold ń dùn. "Ó ti kú. Ojú rẹ̀ ò là mọ́. Ẹ lọ wo ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló ń sunkún."

Ó ṣí i. Ọmọ inú ìwé nìyẹn lórí ẹní, ojú rẹ̀ pa dé. Ọ̀rọ̀ ń já wọlé lábẹ́ rẹ̀ wìtìwìtì. Málọmọ́, sùn re o. Ó dìgbóòṣe, Málọmọ́. Eré ni wọ́n ń ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń dárò ẹnikẹ́ni tó bá kú nínú anímè. Yẹ́misí kọ ọ́ pé, "Ẹ dákẹ́! Ẹ má pè é mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Tàtá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó kú." Àwọn ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn, obìnrin kan ń fi igbe ẹkún pè é, "Málọmọ́ o! Málọmọ́!"

"Ẹ̀n!"

Láti orí ẹní lohùn náà ti wá, ohùn tó mọ́ ketekete. Ọmọ náà ti dìde dúró.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí òjò ti ń rọ̀. Yẹ́misí sáré dì í lọ́wọ́ mú, ọwọ́ náà tutù, ó sì ń yọ̀ bọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ìwọ yìí! Ọmọ mi! Ìwọ yìí!" Ọmọ kò wẹ̀yìn. Yẹ́misí la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé, nítorí orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sí ni wọ́n fi ń pe òkú lórí fóònù.