Ọjọ́ Tí Wọ́n De Julius Mọ́ Àga

"Ta ni bọ̀ọ̀dá rẹ níbí?"

Gbogbo ọmọ tó wà ní gbọ̀ngàn ìjẹun yíjú wò wọ́n. Súnmọ́lá di abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ mú, ó ń wojú Julius Ajíbóyè, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ṣe kò ju pé ó kí i ní Yorùbá lọ: "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá Julius." Ìjọ kan náà ni àwọn òbí wọn ń lọ ní Achara Layout, nílùú Enugu. Lọ́dún 1986, nígbà tí ìyá Súnmọ́lá mú un wá sílé-ìwé yìí, ọwọ́ Julius gan-an ló fà á lé. "Julius, àbúrò rẹ rèé o. Bá mi mójú tó o."

Ṣùgbọ́n òfin ilé-ìwé ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè abínibí, Julius ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ń ṣègbè. Ó ní kí Súnmọ́lá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ó kúnlẹ̀, kí ó máa ké bí ewúrẹ́. Ó fa bẹ́líìtì yọ nídìí, ó nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Olúdáìsí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fi òrí pa ẹ̀yìn náà. "Jẹ́ ká lọ fi han ọ̀gá ilé-ìwé."

"Rárá o. Èmi fúnra mi ni màá san án fún un."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé ẹ̀rọ sinimá wá. Fíìmù ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ kan ni, dúdú òun funfun. Ó dájú pé àwọn tó ṣe é ò lówó lọ́wọ́: bí ẹlẹ́wọ̀n kan bá fẹ̀yìn ti ògiri, ògiri a mì bíi páálí. Ṣùgbọ́n Súnmọ́lá ò wo ògiri. Wọ́dà tó ń fi kùmọ̀ lu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń wò, ojú Julius ló sì ń rí lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n dìde, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n de wọ́dà mọ́ àga, ó fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni NÉPÀ ti múná lọ. Kò sẹ́ni tó rí ìparí rẹ̀.

"Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá," Súnmọ́lá sọ fún Olúdáìsí bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ọ̀tá Julius pọ̀. Nídìí táńkì omi, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò pẹ̀lú garawa, Súnmọ́lá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbára dì.

Bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ọ̀sán ṣe yísẹ̀ báyìí, Súnmọ́lá gbá abọ́ mọ́ tábìlì. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tiwọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbá Julius mú, wọ́n bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n sì fi okùn ìsáṣọ dè é mọ́ àga.

"Ké bí ewúrẹ́!"

Julius kọ̀. Súnmọ́lá nà án. Julius ké. Ẹ̀rín sọ! Inú Súnmọ́lá dùn gan-an. Ó da ọbẹ̀ lé e lórí. "Tún ké!"

"Jọ̀ọ́, Súnmọ́lá. Jọ̀ọ́, àbúrò mi." Yorùbá ni Julius fi ń bẹ̀bẹ̀.

"Ta ni àbúrò rẹ níbí?" Súnmọ́lá tún gbé bẹ́líìtì sókè.

Olúdáìsí kó sí wọn láàárín. "Ó tó. Ó ti tó báyìí."

"Yẹra!"

"Mi ò yẹra. Wo ara rẹ dáadáa. Ìwọ ti di Julius."

Súnmọ́lá ju bẹ́líìtì náà. Òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ, dòní olónìí, ẹni tó fẹ́ bà. Irin orí bẹ́líìtì náà ló wọ Olúdáìsí lójú.

Ariwo abọ́ dá wáí. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn sá lọ. Ó wá ku Súnmọ́lá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń ké pe olùkọ́.

Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ojú náà ò ríran mọ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé rí ẹ̀yìn Súnmọ́lá, ó mi orí tìtì. "Ẹ̀yìn rẹ rí báyìí, o ò wá bá mi?" Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Julius. Ṣùgbọ́n wọ́n lé Súnmọ́lá kúrò nílé-ìwé.

Bàbá rẹ̀ ló wá gbé àpótí. Nígbà tí wọ́n dé ọjà Ogbete, ó ní: "Ká ní o sọ fún mi pé wọ́n nà ọ́, ǹ bá bá ọ jà á dójú ikú. Ní báyìí, ta ni kí n lọ bá jà?"

Súnmọ́lá lọ sí ọsibítù. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Olúdáìsí, dárí jì mí."

Olúdáìsí fi ojú kan tó kù wò ó. "Má rò pé mi ò fẹ́ gbẹ̀san. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó. Àmọ́ bí mo bá fọ́ tìrẹ, ta ló kàn?"



Òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀ máa dákẹ́. Kó ké jáde, kó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹni tó lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san kì í mọ ẹni tí ọwọ́ náà yóò bà.