Okùn Kan ní Ilé Akínladé

Ìwé kan tó ti gbó ni Fọláránmi gbé wọ ọ́fíìsì Àsmá'ù, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Old Garage, Òṣogbo, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Orúkọ gbogbo ẹbí rẹ̀, ẹbí Akínladé ti Ìmẹ̀sí-Ilé, ló wà nínú rẹ̀. Ẹbí náà ti ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹbí jọ sí, tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí Àsmá'ù fi kún un ni àwòrán tí èèyàn lè fọwọ́ fà: ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ àmì róbótó, okùn tín-ín-rín á so ọmọ mọ́ òbí.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́rin. Ta ló ń kánjú? Fọláránmi á ka orúkọ, Àsmá'ù á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Kí orúkọ tó tán, Fọláránmi ti ń pè é ní adúmáradán òun.

Ojú ewé ìkẹyìn ló da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olúwatóyìn, ọmọ Akínladé, fẹ́ Mùsùlùmí kan ní Òṣogbo, ó sì di Nọ́síràtù. Ìyá tó bí ìyá Àsmá'ù nìyẹn, ẹni tí Àsmá'ù ń pè ní màmá. Ará Ìjẹ̀ṣà ni màmá máa ń pe ara wọn, wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán so okùn màmá mọ́ Akínladé: ọmọ bàbá kan náà ni màmá àti bàbá àgbà Fọláránmi. Mọ̀lẹ́bí ni Àsmá'ù àti Fọláránmi. Ilé méjèèjì ní kí wọ́n pínyà kíá.

Àsmá'ù sunkún lọ bá màmá. Ìgbà náà ni màmá sọ ohun tí wọn kò sọ fẹ́nì kankan rí. Akínladé kọ́ ló bí wọn. Ìlú Òṣú ló ti gbé wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó sì tọ́ wọn bí ọmọ. Àwọn àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé wọn kò mọ̀.

"Má sọ fún wọn, Àsmá'ù. Ilé yẹn nìkan ni mo ní."

Ẹ bá mi wo irú ìhámọ́ yìí. Tí Àsmá'ù bá fi ìka kan ṣoṣo pa okùn yẹn rẹ́, ó ti di aya Fọláránmi. Ìka yẹn náà ló máa lé màmá kúrò nílé. Fọláránmi pè, ó tún pè, Àsmá'ù kò gbé e. Kí ló fẹ́ wí? Oúnjẹ ò lọ mọ́, ó rù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá ní kó fi àwòrán náà han òun. Wọ́n fọwọ́ fa àmì tiwọn, gbogbo ilé Akínladé sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn, àbúrò, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Inú wọn dùn, wọ́n tún fà á. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú Àsmá'ù, wọ́n sì ní kó ránṣẹ́ pe Fọláránmi àti àwọn àgbà ilé wọn.

Ẹnu ara wọn ni màmá fi sọ fún àwọn àgbà náà pé Akínladé kọ́ ló bí àwọn.

"Ó yá, yọ okùn mi."

Àsmá'ù yọ ọ́. Àmì màmá rọra sún lọ sí etí, ti Àsmá'ù àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọláránmi fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ ti Àsmá'ù, ó yan ìgbéyàwó. Okùn tuntun yọ, ó fa Àsmá'ù wá sáàárín ilé Akínladé, màmá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Fọláránmi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, Màmá."