Ohùn Tó Wọ Inú Fèsì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó bi àwọn méjì tá a jọ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì wà n'Ílọrin.

Èmi Abdulraheem, Hadiyyah ọ̀gá wa, àti Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ Ọ̀mù-Àrán la kọ Fèsì, áàpù tí èèyàn fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Táíwò Road la ti kọ ọ́. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Ọjà Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, orí mi wú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kan, a ṣí Fèsì sílẹ̀ fáwọn ará ìta. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ prógíráàmù kọ lè kọ tirẹ̀, kó so ó mọ́ tiwa.

"Bisimillahi," ni Hadiyyah wí. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi wọlé. Kò sọ ẹni tó kọ ọ́. Kò sọ ibi tó ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó kí èèyàn lọ.

Ayọ̀mípọ̀sí ṣí i. Ohùn ìyá àgbà kan jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ agbẹ́kàngafálejò, ọmọ amùṣẹ́kù lẹ́yìn àlejò…"

Ó gùn díẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí nàró lórí àga. Ó fi fóònù pe bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní kí wọ́n gbọ́.

Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ta ló kọ́ yín ní oríkì yìí?"

"A ò mọ̀, Dádì."

"Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lèmi mọ̀. Ìyá bàbá mi ló mọ ìyókù, wọ́n sì gbé e lọ sí sàréè." Bàbá tún ní, "Ẹ jẹ́ ó tún un kì."

Ojú Hadiyyah yí padà. Ó yọ prógíráàmù náà kúrò. Ó pa gbogbo kọ̀ǹpútà. Fáànù ẹ̀rọ dúró. Ariwo ọ̀kadà ìsàlẹ̀ pàápàá kò dé etí wa mọ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, fóònù tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Hadiyyah, ó kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilé wọn dó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo kí Ummu Kulthum tó wà nínú rẹ."

Hadiyyah fọwọ́ lé ikùn.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ọkọ mi gan-an ò mọ̀."

"Ṣé ká ti Fèsì pa ni?" mo bi í.

Ó gbórí sókè. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nàró bí ọmọ ọba.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Abdulraheem. Àmọ́ kò sẹ́ni tó pè mí báyìí rí."

Ó tún tan ẹ̀rọ, ó dá prógíráàmù náà padà.

Lónìí, bí ẹ bá dé Post Office lọ́sàn-án, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tó dúró nínú oòrùn, fóònù létí, àyà wọn yọ síwájú. Ìlú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A ò tíì mọ ẹni tá a ṣílẹ̀kùn fún.

Èmi náà máa ń ṣí i. Á pe orúkọ mi, kò ní ki oríkì mi, á kàn dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.