Àkíbù Ṣọ́jà àti Kákí Tí Kò Lọ Sógun

Ẹni tó bá mọ Bẹ́yẹrúnká láyé ọjọ́un kò ní ṣàìrántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àkíbù Ṣọ́jà. Bí ẹ bá ń ti Mápó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹ ò tíì ní rí ilé náà tí ẹ ó ti máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Háà, Ìbàdàn ìgbà yẹn! Ilé kan ń ti èkejì léjìká, òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ títí dé ibi tí ojú mọ, ìyá kan á sì nawọ́ láti ojú fèrèsé gba ẹyín iná lọ́wọ́ ìyá kejì. A ò ní púpọ̀, ṣùgbọ́n a ní ara wa. Àárò rẹ̀ ń sọ mí títí dòní.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1954, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn dákẹ́. Díẹ̀ ló kù kó dákẹ́ pátápátá.

Àkíbù ti lọ jagun ní Bọ́mà. Àgọ́ àwọn télọ̀ ni wọ́n fi í sí níbẹ̀, kákí ló sì ń rán fún àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ogun fi parí. Nígbà tó délé, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, yọ̀ títí. Gbogbo agbo ilé ní Àkíbù ti di ọ̀gá.

Ọ̀gá nínú kí ni? Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, nọ́ńbà mẹ́ta péré ni aṣọ ní: kékeré, àárín, ńlá. Ṣọ́jà tí aṣọ bá ṣò lára, kó fi bẹ́líìtì fún un. Bí Àkíbù ṣe ń rán aṣọ fún ará Ìbàdàn náà nìyẹn. Kì í fi tépù wọn ènìyàn rárá. Yóò kàn wo oníbàárà láti òkè délẹ̀, yóò sì kígbe pé, "Dúró ṣinṣin! Nọ́ńbà kejì!" Ó parí.

Ta ló fẹ́ kí wọ́n pàṣẹ fún òun nígbà tí òun ń dá aṣọ ọdún?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Bàbá Gàfárù, ẹ̀gbọ́n bàbá Sẹ̀gilọlá, gbé aṣọ fún un. Ọlọ́run sì fún bàbá yìí ní ikùn àti apá tó kún dáadáa. Àkíbù ní, "Nọ́ńbà kẹta!" Nígbà tó di ọjọ́ ọdún, tí wọ́n dé Yídì, Lèmọ́mù kábárà, bàbá fẹ́ gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ kọ̀ kò gòkè. Ó fi agbára sí i. Fàà! Bùbá ya láti abíyá dé ìhà. Àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn ò rí ìrun kí mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì.

Láti ọjọ́ náà ni oníbàárà ti dàwátì. Eṣinṣin nìkan ló ń bà lé ẹ̀rọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àkíbù pe ìyàwó rẹ̀ jókòó.

"Ìyá Sìdí, mo ti rí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ yìí. Bọ́lájí tó ń ra ògbólógbòó irin-iṣẹ́ ní Bẹẹrẹ ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá sanwó, kó sì gbé e. Wọ́n ń wá ọlọ́dẹ ní Agodi, mo máa lọ gbaṣẹ́ níbẹ̀."

Sẹ̀gilọlá gbọ́wọ́ lérí. "Ọlọ́dẹ kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́? Bàbá Sìdí, bí ẹ bá ta ẹ̀rọ yìí, kí ni ẹ ó fi dìde lọ́la?"

"Ogun ni mo mọ̀. Òwò kì í ṣe tèmi."

"Ṣé wọ́n bí ogun mọ́ yín ni? Ṣebí wọ́n kọ́ yín ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́ yín ní òwò náà."

"Ta ni yóò kọ́ mi? Èmi tí mo dé Bọ́mà!"

"Bọ́mà kọ́ ni Ọjà'ba," ni Sẹ̀gilọlá dá a lóhùn. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Mo bẹ̀ yín, lọ́la Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Hezekiah máa ń pe àwọn ṣọ́jà àtijọ́ jọ ní ìsọ̀ wọn tí ẹ ti ń ra òwú ní Oríta-mẹ́rin, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣòwò. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn lọ. Bí kò bá bọ́ sí i, kí Bọ́lájí wá gbé ẹ̀rọ, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Omijé ìyàwó ni Àkíbù ò lè bá jà. Ó lọ.

Bàbá Hezekiah jẹ́ àgbà Aládùúrà, onírùngbọ̀n funfun. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ni wọ́n ń tà. Àwọn náà ti jagun rí, ogun Kamẹrúù ayé àtijọ́. Bí Àkíbù ti dé iwájú ìsọ̀, ó na ara rẹ̀ tọ́ọ́, ó sàlúùtù.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Sọ ọwọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Kò sí ọ̀gá ogun níbí. Jókòó, kí o sọ fún mi. Kí ni àwọn ará àdúgbò rẹ ń wá tí wọn ò rí?"

Àkíbù yanu. "N ò mọ̀, Bàbá."

"Ní Bọ́mà, ṣé ẹ máa ń kọlu ọ̀tá láìkọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà?"

"Èèwọ̀! A ó kọ́kọ́ rán amí lọ."

"Ó dára. Ìwọ wá dé Ọjà'ba, o ò rán amí, o bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn. Bùbá Bàbá Gàfárù ni ọta bà."

Àṣé ìròyìn ti dé Oríta-mẹ́rin! Ojú ti Àkíbù débi pé ó wo ilẹ̀.

"Má dojú kọ ilẹ̀," ni Bàbá wí. "Iṣẹ́ tèmi fún ọ lónìí kò le. Pa ẹnu dé, kí o la etí. Amí ni ọ́."

Àkíbù jókòó sẹ́yìn àpótí òwú. Kò pẹ́, Kúbúrá dé, ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, aládùúgbò Àkíbù gan-an.

"Bàbá, ẹ bá mi wá bọ́tìnì kákí. Télọ̀ wa ní òun ò ráyè aṣọ ọmọdé títí ọdún yóò fi yí, agbádá ni òun ń ṣe iṣẹ́ ọrùn sí. Mo fẹ́ fọwọ́ rán an fúnra mi kí Jánúárì tó dé, bó bá wọ́ kó wọ́."

Bí ó ti ń lọ ni Felicia láti Pópó Yemọja ń wọlé. Ọmọ mẹ́ta ni tirẹ̀, òwú kákí ló ń wá. Ẹjọ́ kan náà ló rò: télọ̀ ò ráyè. Òmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ń dárúkọ oṣù kan náà, Jánúárì.

"Bàbá," ni Àkíbù sọ jẹ́jẹ́, "kí ló ń bọ̀ ní Jánúárì?"

"Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ mẹ̀kúnnù àti ọmọ olówó ni yóò wọ ilé-ìwé, kákí sì ni aṣọ wọn. Àṣé o ò gbọ́? Kí lo ń ṣe ní Bẹ́yẹrúnká?"

Àkíbù ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ń rò ó lọ́kàn. Ọmọ tó pọ̀ tó báyìí, aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà. Kékeré, àárín, ńlá. Ó fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da àpótí òwú nù.

"Bàbá! Iṣẹ́ mi rèé! Iṣẹ́ tí mo mọ̀ rèé!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Láti ọjọ́ tí o ti ń ra òwú níbí, òwú kákí nìkan ni ọwọ́ rẹ máa ń lọ bá. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, o ò ní gbọ́. Iṣẹ́ ò wọ́n ọ. Ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ rẹ ni o ò mọ̀. Ó sì ku ìkan o: má pàṣẹ fún oníbàárà mọ́. Bẹ̀ ẹ́."

Àkíbù sáré bá Kúbúrá lọ́nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́. Ọmọ ogun tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí! Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rán níkà kan, ṣòkòtò péńpé, fún ọmọ Kúbúrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kúbúrá wo níkà náà lára ọmọ, ó mi orí.

"Bàbá Sìdí, ó mà bá a mu jù."

"Ó bá a mu jù báwo?" Ohùn Àkíbù ti fẹ́ ga. Ó rántí Bàbá, ó fà á wálẹ̀. "Ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ máa ń dàgbà! Kó tó di ọjọ́ Iléyá, yóò ti há mọ́ ọn nítan. Àbí ṣọ́jà yín kì í dàgbà ni?"

Àkíbù bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ọ̀rọ̀, ṣọ́jà kì í dàgbà sí i. Ó tú ẹsẹ̀ níkà, ó fi ìṣẹ́po tó fẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìyá lè máa tú u bí ọmọ bá ti ń ga. Láti ọjọ́ náà, kò rán níkà ọmọdé kan láìní ìṣẹ́po. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìyá fi ń sọ pé, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Ṣọ́jà, tirẹ̀ máa ń pẹ́ lára ọmọ."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bọ́lájí dé tòun ti alábàárù. Alábàárù ti di ẹ̀rọ mú kí Àkíbù tó ti mọ́ṣáláṣí wọlé. Sẹ̀gilọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Bọ́lájí, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀," ni Àkíbù wí.

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin la sọ níjelòó! Ṣé ọmọ ogun máa ń yẹ àdéhùn?"

Ó dun Àkíbù, nítorí kò yẹ àdéhùn rí. Ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀rọ, ó wo Sẹ̀gilọlá. "Mo jẹ̀bi, mo tọrọ àforíjì. Ìbínú ni mo fi tà á. Ọmọ rẹ ń lọ ilé-ìwé ní Jánúárì, àbí? Mú un wá. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo máa rán kákí rẹ̀."

Bọ́lájí fajú ro, ó pòṣé. Nígbà tó yá, ó ní kí alábàárù sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. "Méjì ni wọ́n o," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Áà, Jánúárì ọdún 1955! Ẹni tó wà ní Bẹẹrẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé kò ní gbàgbé láé. Àwọn ọmọ ń tú jáde láti gbogbo agbo ilé, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Aládùúrà, wọ́n fi síléètì há abíyá, ìyá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kákí bo ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó. Sìdí tiwọn náà wà nínú wọn. Àkíbù dúró létí ọ̀nà, ó na ara rẹ̀ tọ́ọ́, ó sàlúùtù.

"Bàbá Sìdí, ta ni ẹ ń kí?" ni Sẹ̀gilọlá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Sẹ̀gi, kákí tí mo rán ní Bọ́mà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò padà wálé mọ́. Mo mọ àwọn tó wọ̀ ọ́, mo mọ orúkọ wọn. Èyí ń lọ láàárọ̀, á dé lọ́sàn-án."

Bàbá Hezekiah ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Nígbà tí mo gbọ́njú sí ọ̀rọ̀ yìí, Àkíbù ló ń jókòó sẹ́yìn àpótí òwú ní Oríta-mẹ́rin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó ń bi ṣọ́jà tó bá dé pé, "Kí ni wọ́n ń wá ládùúgbò rẹ tí wọn ò rí?"

Ẹ̀yin ajagun-fẹ̀yìntì wa, ẹ̀yin tí òwò yín sì ń mì, ẹ gbọ́ o. Ìgboyà tí ẹ fi jagun dára, ṣùgbọ́n òwò ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú kíkọ́ ọ. Ẹ wá ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ gbọ́ ohun tí ará àdúgbò ń béèrè kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó tà. Bí oníbàárà bá bá yín wí, olùkọ́ ni. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n ṣe tán, ẹ kọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó àti ará ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nìkan rò ó.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí inú bí yín tó, ẹ má ta ẹ̀rọ yín láìtíì rán amí.