Igi Ibà Tí Ewúrẹ́ Mi Ń Jẹ

"Antoniel, ojú rẹ dà?" Tíṣà lẹ àwòrán òdòdó funfun kan mọ́ pátákó. "Ogójì ọdún la ti ń sọ pé igi ibà ti tán ní erékùṣù Rodrigues wa. Ibi tí o ti ń da ewúrẹ́ lójoojúmọ́ ni Mirelda ti rí i!"

"Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ rí i, Tíṣà," ni Mirelda dáhùn. "Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mirelda, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi! Ilé kan náà la ti jọ dàgbà. Mo kó ìwé mi, mo jáde. N kò padà sí ilé-ìwé yẹn mọ́ títí dòní.

Kò pẹ́, wọ́n fi wáyà yí igi náà ká. Àlejò ń ti Mauritius wá ya Mirelda ní fọ́tò. Ìyá àgbà wa ń se àgbàdo àti ẹ̀wà fún wọn, ó ń pariwo "ọmọ-ọmọ mi!" Èmi ńkọ́? Èmi ni mò ń bu omi fún wọn mu.

Igi kan ṣoṣo yẹn ló kù. Tíṣà ní bí òdòdó rẹ̀ bá so, a ó rí èso gbìn; bí kò bá so, ó parí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tí wọ́n bá fi wáyà yí ká, àwọn àgbà gbà pé oògùn ni. Mo lọ bá àwọn obìnrin tó ń fi irin gún ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, létí òkun. Omi ti ba orúnkún gbogbo wọn jẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ rò pé òdòdó lásán ni wọ́n ń ṣọ́?"

Ìyá Filomèn gbójú sókè. "Kí ló tún kù?"

"Ewé rẹ̀ ń wo orúnkún sàn. Àwọn olówó ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè."

"Mo sọ ọ́! Ta ní í fi wáyà ṣòfò sórí igi lásán?"

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin náà gé wáyà. Wọ́n já ewé, wọ́n já òdòdó, wọ́n bó èèpo. Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà gbé ife àgbo kan fún mi.

"Mu ún, ọkọ mi. Igi Mirelda ni."

Mirelda jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ẹnikẹ́ni. Mo mu ún. Ó korò ju jogbo lọ. Kò sì sí orúnkún tó sàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mirelda bá mi nídìí ewúrẹ́.

"Ewé méjì ti yọ ní gbòǹgbò igi náà. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìyá Filomèn ti sọ."

"Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"N ò fẹ́ wáyà mọ́, òun ló ń fa èèyàn wá. Ìwọ lo mọ ohun tí ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn. Àbí ojú rẹ ò rí ìyẹn náà?"

Mo kó òkúta àti ẹ̀gún yí i ká bí ògbólógbòó ọgbà ewúrẹ́ tí wọ́n ti pa tì. Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. N kò tíì dárí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ji Mirelda, n kò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ: Mirelda ni mo ń jowú, igi gbogbo wa ni mo bà jẹ́. Bí ìlara ṣe rí nìyẹn, kì í dúró lórí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Igi náà ti ga dé àyà mi. Àràárọ̀ ni mò ń yà wò ó kí n tó da ẹran. Kò tíì yọ òdòdó kankan.